Ọjà Sátidé ní Uzès: Bí Ẹ Ṣe Lè Lọ sí Ìlú Ọlọ́jà Àtijọ́ Kan ní Gúúsù Ilẹ̀ Faransé

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó mọ́ tán ní Uzès, ìró irin ni yóò jí yín. Àwọn ọlọ́jà ló ń já òpó àtẹ wọn sílẹ̀ lórí òkúta, tí wọ́n ń na tapólì sókè, tí wọ́n ń pe ara wọn láti ìsọ̀ kan dé èkejì. Nígbà tí aago bá fi máa lu mẹ́jọ, gbàgede tó dá páropáro lálẹ́ àná ti ń ta sánsán: adìyẹ yíyan, áyù, ewé basil, ọṣẹ olóòórùn dídùn. Ẹni tó bá dé ní aago mọ́kànlá ti pẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń lọ sí ilẹ̀ Faransé, Paris ni wọ́n ń rí. Àwọn díẹ̀ tó bá tilẹ̀ dé gúúsù, bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò ló ń já wọn sílẹ̀ ní Uzès fún wákàtí méjì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ra ọṣẹ kan, wọ́n á bá tiwọn lọ. Wọn ò rí ìlú náà. Ọjà ló ni Uzès, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó sùn níbẹ̀ mọ́jú, kó gbé àpò ọjà dání bí ẹni tó fẹ́ lọ se ọbẹ̀.

Ìlú kékeré ni, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 10,000. Ó wà ní agbègbè Gard, nǹkan bíi kìlómítà 25 sí àríwá Nîmes, àti bíi 40 sí ìwọ̀-oòrùn Avignon. Bí ẹ bá ń pe orúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí «s» ìparí dún. Ẹni tó bá gbé e mì, wọ́n á mọ̀ pé àlejò ni.

Ẹ kọ́kọ́ yan oṣù, kí ẹ tó yan ọjọ́

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ná ọjà ní Uzès, ní Ọjọ́rú àti ní Sátidé, láàárọ̀ títí di nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Ti Sátidé ni ọjà ńlá. Ó máa ń kún gbàgede tí wọ́n ń pè ní Place aux Herbes, tó túmọ̀ sí gbàgede ewébẹ̀, á sì ya wọ àwọn òpópónà tó yí àárín ìlú ká: aṣọ, agbọ̀n, bàtà, ìkòkò, fìlà. Ti Ọjọ́rú kéré, àwọn àgbẹ̀ tó gbin nǹkan wọn fúnra wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan lẹ ń wá, tí ariwo kò sì bá yín lára mu, mo fọwọ́ sí Ọjọ́rú. Ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, kó lọ ní Sátidé.

Ní ti oṣù, ohun tó wà lórí àtẹ ló yẹ kó pinnu. Oṣù Kẹrin àti Karùn-ún ni ti asperge, ewébẹ̀ gígùn bí ìka tí wọ́n ń dì ní ìdì ìdì, àti ti fraise pupa wẹ́wẹ́. Oṣù Kẹfà ni ṣẹ́rì àti áyù tuntun. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, ọjọ́ Jòhánù Mímọ́, wọ́n máa ń ṣe ọjà áyù gbogbo ní Uzès, tí wọ́n á hun áyù pọ̀ bí irun dídì, tí wọ́n á sì kó o jọ gègèrè. Ìgbà mẹ́lọ́nì, tòmátì àti píìṣì ni Keje àti Kẹjọ, ṣùgbọ́n ìgbà èrò ni, ìgbà ooru sì ni pẹ̀lú. Ẹ má fojú kékeré wo ooru yẹn nítorí pé ilẹ̀ olóoru la ti wá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2019, ooru wọ ìwọ̀n 46 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní Vérargues, ìletò kan láàárín Nîmes àti Montpellier. Òun ni ó ga jù tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Òkúta ni gbogbo ilé Uzès, òkúta a sì máa gba ooru sára, kì í tètè tú u sílẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án ni èmi fẹ́ràn jù. Èso àjàrà àti ọ̀pọ̀tọ́ ti dé, àwọn ọmọ ti padà sí iléèwé, iye owó yàrá sì ti wálẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni òjò. Ìgbà ìwọ́wé ni ìkùukùu máa ń ti orí òkun wá kọlu àwọn òkè Cévennes, tí òjò oṣù méjì a sì rọ̀ lọ́jọ́ kan. Àgbàrá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 pa èèyàn tó ju 20 lọ ní agbègbè yìí. Bí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ bá fi àwọ̀ ìkìlọ̀, ọsàn tàbí pupa, sí Gard, ẹ jókòó sínú ilé, ẹ má ṣe sún mọ́ odò, ẹ má sì wa mọ́tò kọjá ibi tí omi ti bo títì.

Ní ìgbà òtútù, ìlú náà dákẹ́, ilé oúnjẹ mìíràn á tilẹ̀ tì. Àmọ́ ìgbà yẹn ni truffe, olú dúdú tó ń hù lábẹ́ ilẹ̀ nídìí igi oaku, tí ajá ń gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó hú u. Ọjọ́ Àìkú kẹta nínú oṣù Kìíní ni ọjọ́ rẹ̀ ní Uzès. Ẹ lè má ra ọ̀kan, owó rẹ̀ ga. Ṣùgbọ́n ẹ lọ gbóòórùn rẹ̀.

Ìwé ìrìnnà àti ọ̀nà

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, Benin tàbí Togo yóò gba físà Schengen, físà kan ṣoṣo tó wà fún Faransé àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 90 fún àgbà àti 45 fún ọmọ ọdún 6 sí 11. Àwọn tó kéré sí ìyẹn kò san nǹkan kan. Ẹ lè gbé ìwé wọlé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 15 ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ 15 yẹn o. Ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò tó lè san ó kéré tán yúrò 30,000 fún ìtọ́jú àìsàn wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè.

Ẹ̀yin tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ó ti kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe físà Schengen. Bó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, ẹ nílò físà, bí ẹ tilẹ̀ ti gbé ní London fún ogún ọdún. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò rẹ̀ fún ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìwé náà kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta kó tó kú lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò.

Rélùwéè kò dé Uzès. Nîmes tàbí Avignon lẹ máa sọ̀ sí, ẹ óò wá wọ bọ́ọ̀sì. Láti Paris, ibùdókọ̀ Gare de Lyon ni TGV, rélùwéè tó ń sáré gan-an, ti ń gbéra lọ sí Nîmes, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Bí ẹ bá ti Èkó, Cotonou tàbí Lomé bọ́ sí pápákọ̀ òfuurufú Charles de Gaulle, ibùdókọ̀ rélùwéè wà nínú pápákọ̀ náà gan-an, níbi tí wọ́n ń pè ní Terminal 2, àwọn ọkọ̀ kan sì ń ti ibẹ̀ lọ tààrà sí gúúsù. Ẹ ò ní láti fa àpótí wọ àárín Paris.

Ibi tí wàhálà wà rèé: ibùdókọ̀ méjì ni Nîmes ní. Nîmes Centre wà láàárín ìgboro, ẹ̀yìn rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì Uzès wà. Nîmes Pont-du-Gard, tí wọ́n ṣí ní 2019, wà nínú oko ní ìta ìlú, àti pé pẹ̀lú orúkọ tó ń jẹ́ yẹn, kò sí nítòsí Pont du Gard, afárá àtijọ́ tí mo ń bọ̀ wá sọ nípa rẹ̀, rárá. Mo ti sọ̀ síbẹ̀ rí lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí pé mi ò ka tíkẹ́ẹ̀tì mi dé ìsàlẹ̀. Oko àjàrà ló wà níwájú mi, oko àjàrà ló wà lẹ́yìn. Rélùwéè kékeré tó ń lọ sí ìgboro ni mo dúró dè. Avignon náà ní méjì, èyí tó jẹ́ TGV àti èyí tó wà nítòsí odi ìlú. Ẹ ka tíkẹ́ẹ̀tì yín tán.

Bọ́ọ̀sì ìjọba láti Nîmes sí Uzès kò wọ́n, kò sì tó wákàtí kan. Àmọ́ ọjọ́ Àìkú, ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì tí ẹ máa bá padà kí ẹ tó san owó yàrá, kó má di pé ẹ ń wá takisí láàárín ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń jẹun ọ̀sán pẹ̀lú ẹbí wọn.

Ibi tí ẹ máa sùn sí

Àlẹ́ Ẹtì àti àlẹ́ Sátidé, ó kéré tán. Ẹ wá ibi tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé gbàgede, ṣùgbọ́n bí oorun yín kò bá wúwo, ẹ má gba yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí i. Mo ti sọ nípa irin àárọ̀ yẹn. Yàrá tó ní ibi ìdáná kékeré dára ju hòtẹ́ẹ̀lì lọ níbí, torí kí ni ẹ fẹ́ fi tòmátì tí ẹ rà ṣe?

Ẹni tó bá wa mọ́tò wá, kó ka gbogbo pátákó tó wà níbi tó fẹ́ gbé e sí. Ibi tó dára láti gbé mọ́tò sí lálẹ́ Ẹtì lè jẹ́ ojú ọjà láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á sì ti wọ́ ọ lọ kí ẹ tó jí. Ẹ gbé e sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lẹ́yìn òpópónà tó yí ìlú ká, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé.

Inú ọjà

Ẹ gbéra ní aago mẹ́jọ. Ẹ mú agbọ̀n tàbí àpò tó le, owó yúrò wẹ́wẹ́ (ọ̀pọ̀ ń gba káàdì báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ìdì radish méjì kì í fẹ́), àti fìlà. Bí atẹ́gùn mistral bá ń fẹ́, ẹ fi súwẹ́tà kún un. Atẹ́gùn gbígbẹ ni, láti àríwá ló ti ń bọ̀, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, oòrùn á ràn, síbẹ̀ òtútù á máa mú yín.

Ẹ kọ́kọ́ yí gbàgede ká lẹ́ẹ̀kan láìra nǹkan kan. Orísun omi kan wà láàárín, igi platane ńlá ńlá ló ṣíji bò ó, abẹ́ ilé tó yí i ká sì jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ olókùúta tí èèyàn lè gbà kọjá bí òjò bá ń rọ̀. Bí ẹ ti ń yí i ká, ẹ máa wo àtẹ. Àtẹ tó ní nǹkan mẹ́rin péré, tí erùpẹ̀ ṣì wà lára kárọ́ọ̀tì rẹ̀, tí ìka ẹni tó ń tà á sì jọ ìka ẹni tó hú u: àgbẹ̀ nìyẹn. Àtẹ tó ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti píà ní ẹ̀gbẹ́ tòmátì, alágbàtà ni. Ọjà ńlá tí wọ́n ti ń rà fún títà ló ti kó o wá. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ẹ ò wá láti ìlú òkèèrè nítorí rẹ̀. Òfin mú un ní dandan kí wọ́n kọ ibi tí èso ti wá sára pátákó. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà «producteur», ẹni tó gbìn ín ló ń tà á.

Ìgbà tí ẹ bá wá fẹ́ rà, ẹ kí wọn. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí.

Àwọn àlejò máa ń sọ pé àwọn ará Faransé le lójú. Lójú tèmi, àwọn àlejò náà ni kò kí wọn. Níbí, ẹni tó bá dé ìsọ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú «èló ni?», ó ti yájú. «Bonjour, madame» tàbí «bonjour, monsieur» ló kọ́kọ́ ń jáde, ẹ óò dúró kí ó dá yín lóhùn, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó. Bí ẹ bá ń lọ, «merci, bonne journée». Àwa tí a ní ẹ kú ọjà, ẹ kú òwúrọ̀, ẹ kú oòrùn, ta ló yẹ kó kọ́ wa? Síbẹ̀ mo ti rí èèyàn wa tí èdè àjèjì dẹ́rù bà, tó fi ìka tọ́ka sí ọjà láìlanu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, ẹ sọ ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ óò rí i bí ojú ọlọ́jà á ti tú ká. Ẹ̀yin tó ti Cotonou tàbí Lomé wá, ọ̀nà yín ti là.

Ẹ tò. Ìlà lè má hàn, torí wọn kì í dúró gbọọrọ bí ọ̀wọ́, àmọ́ gbogbo wọn mọ ẹni tó dé ṣáájú.

Ẹ má fọwọ́ kan èso àyàfi tí wọ́n bá fún yín ní abọ́ kékeré láti ṣà á fúnra yín. Ọlọ́jà ló ń ṣà á, ó sì mọ̀ ọ́n ṣà. Mo lọ ra mẹ́lọ́nì lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan lábẹ́ igi platane. Ó bi mí bóyá ti òní ni àbí ti ọ̀la. N kò kọ́kọ́ lóye ìbéèrè yẹn. Mo ní ti alẹ́ òní. Ó gbé ọ̀kan, ó wò ó, ó dá a padà. Ó gbé èkejì, ó yí ìdí rẹ̀ sókè, ó gbé e sí imú, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ìtì rẹ̀ ti já, ó sì fi hàn mí pé ó ti ń là yí ká níbẹ̀ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ fà á. «Ce soir,» ó ní, alẹ́ òní, kì í ṣe ọ̀la. Nígbà tí mo là á ní aago mẹ́jọ alẹ́, omi rẹ̀ ṣàn bo tábìlì. Láti ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo ń kọ́kọ́ sọ wákàtí tí mo fẹ́ jẹ ẹ́.

Ní ti owó: wọn kì í dúnàádúrà níbí. Ní Bódìjà, tí wọ́n bá pè é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, a ó ní kí wọ́n gba ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀, ọ̀rọ̀ á sì dùn. Ní Uzès, iye tó wà lára pátákó kékeré yẹn ni iye, ẹni tó bá ń dù ú, bí ẹni tó ń bú àgbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ èènì. Obìnrin tó wọn tòmátì fún mi ká ewé persil ẹ̀kún ọwọ́ kan, ó fi lé e lórí, kò sì kà á mọ́ owó. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo padà sí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Kí wá ni ẹ máa rà? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi wàràkàṣì ewúrẹ́ tí wọ́n ń pè ní pélardon. Pẹlẹbẹ kékeré ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, láti òkè Cévennes àti agbègbè rẹ̀ ló ti ń wá, láti ọdún 2000 ni òfin sì ti dáàbò bo orúkọ rẹ̀. Wàrà tí wọn ò sè ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí náà kí aláboyún má jẹ ẹ́. Oríṣiríṣi ọjọ́ orí ló wà lórí àtẹ: èyí tó rọ̀, funfun bí òwú, tó ṣì ń rùn bí wàrà, èyí tó ti ń pọ́n ní ẹ̀gbẹ́, tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, àti èyí tó ti gbẹ, tó le, tó ń ta lẹ́nu bí ata. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ ra mẹ́ta, ọ̀kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá òróró ólífì tí wọ́n kọ «AOP Nîmes» sí lára. Àmì AOP, pupa àti yẹ́lò, ń sọ pé ibi tí orúkọ náà wí gan-an ni ohun náà ti wá. Irú ólífì tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni picholine, aláwọ̀ ewé, ẹlẹ́nu ṣóńṣó, Collias tí kò jìnnà sí Uzès ni wọ́n gbà pé ó ti ṣẹ̀ wá. Oyin igbó gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní garrigue, níbi tí thyme àti rosemary ti ń hù láàárín òkúta, dúdú ju oyin lavender lọ, adùn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Èmi á ra ti garrigue.

Aṣọ tábìlì òdòdó yẹ́lò àti àpò lavender tó wà káàkiri, ẹ yẹ ẹ̀yìn wọn wò. Púpọ̀ nínú wọn ti jìnnà wá jù yín lọ. Bó bá jẹ́ ohun amọ̀ lẹ fẹ́, ẹ fi owó yín pamọ́ de Saint-Quentin-la-Poterie, abúlé amọ̀kòkò tí kò ju kìlómítà márùn-ún lọ sí Uzès, níbi tí ẹ ti lè rí ẹni tó mọ ọ́n pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán, àti ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin Mùsùlùmí

Bí aago kan bá ti ń sún mọ́, àtẹ á máa wọlé, gbogbo ìlú á sì gba ìdí oúnjẹ lọ. Láàárín aago méjìlá sí méjì ni ilé oúnjẹ ń bu oúnjẹ ọ̀sán. Bí ẹ bá dé ní méjì ààbọ̀, ìdáná ti kú títí di aago méje alẹ́. Ṣọ́ọ̀bù náà á tì. Ẹ má bá wọn jà, ẹ jókòó.

Brandade ni kí ẹ bèèrè. Oúnjẹ Nîmes ni: ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n rẹ sómi kí iyọ̀ lè jáde, tí wọ́n wá gún pẹ̀lú òróró ólífì àti wàrà títí tó fi kúnná. Ẹni tó bá jẹ pánlá dàgbà yóò mọ òórùn yẹn kí àwo tó délẹ̀.

Ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ níbí, ó sì máa ń farapamọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá lára pátákó ni «porc», «lardons», «jambon» àti «saucisson». Ẹ wí pé «sans porc, s'il vous plaît», wọ́n á lóye. Súìtì náà wà ńbẹ̀: Haribo tó ń ṣe súìtì ní iléeṣẹ́ ní Uzès, mùsíọ́mù súìtì rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ láti 1996, àwọn ọmọ yín á sì fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n gelatin ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ nínú súìtì náà, nítorí náà ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá kí ẹ tó fi fún wọn. Ẹja, ẹyin, wàràkàṣì àti ewébẹ̀ ọjà yìí tó láti fi gbé ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ ẹran.

Ìrọ̀lẹ́: ìlú fúnra rẹ̀

Ìgbà tí bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò bá ti lọ ni kí ẹ jáde. Bí ààfin ọba ti ń wà nítòsí ọjà ní ìlú tiwa, bẹ́ẹ̀ ni ààfin Duché wà nítòsí gbàgede yìí. Ìdílé Crussol ló ṣì ni ín. Ọdún 1565 ni wọ́n sọ Uzès di ilẹ̀ duc, ìyẹn olóyè gíga lábẹ́ ọba. Nígbà tí wọ́n bẹ́ orí duc Montmorency ní Toulouse ní 1632, ti Uzès wá di àgbà gbogbo duc ilẹ̀ Faransé. Ẹ wo òrùlé ilé àdúrà rẹ̀ láti ìta, bí wọ́n ti fi amọ̀ dídán aláràbarà ya àmì ìdílé náà sórí rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá gbà, ẹ gun ilé ìṣọ́ Bermonde, kí ẹ rí gbogbo òrùlé pupa ìlú náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọjá sí Tour Fenestrelle, ilé agogo róbótó ọ̀rúndún kejìlá tó ga ní mítà 42, tí fèrèsé méjì méjì yí i ká láti ìpele dé ìpele. Kàtídírà tó jẹ́ tirẹ̀ ni ogun ẹ̀sìn láàárín Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì run ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí, lẹ́yìn ogun ni wọ́n kọ́ ọ.

Ẹ óò máa bi ara yín pé kí ló dé tí ìlú kékeré ní ilé tó dára tó báyìí. Aṣọ àti sílíkì ni. Àwọn oníṣòwò aṣọ ló kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé ńlá yìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àrùn pa kòkòrò sílíkì, kòkòrò mìíràn tún pa àjàrà, owó sì tán nílùú. Lójú tèmi, òṣì yẹn ló pa Uzès mọ́, torí kò sẹ́ni tó ní owó láti wó ilé bàbá rẹ̀ kọ́ tuntun. Nígbà tí ìjọba wá ṣe òfin ní 1962 láti dáàbò bo àárín ìlú àtijọ́, Uzès wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀, ní 1965.

Ọjọ́ Àìkú: ẹ tẹ̀ lé omi

Láti ẹ̀bá kàtídírà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì Eure. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú. Ní ìsàlẹ̀, láàárín igi, ni ìsun omi tí àwọn ará Róòmù fà lọ sí Nîmes ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ikú Olúwa wa. Ọ̀nà omi náà gùn tó kìlómítà 50, tí gbogbo ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò sì ju nǹkan bíi mítà 12 lọ. Ẹ rò ó wò: kìlómítà kan, kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan tí omi fi sọ̀ kalẹ̀, láìsí ẹ̀rọ kankan.

Ibi tí ọ̀nà omi yẹn ti kọjá lórí odò Gardon ni Pont du Gard, bíi kìlómítà 15 sí Uzès. Afárá alájà mẹ́ta ni, ó ga ní mítà 49, UNESCO sì ti fi sínú àkójọ ogún gbogbo ayé láti 1985. Àwọn òkúta àjà ìsàlẹ̀, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn láìsí ìlẹ̀mọ́ kankan láàárín wọn, àgbàrá 2002 sì lù wọ́n láìbì wọ́n wó. Ẹ lọ ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ dúró sí etí odò, kì í ṣe orí afárá nìkan. Ẹni tó bá rí ìsun náà láàárọ̀, tó wá rí afárá náà lọ́sàn-án, ohun tí òkúta wọ̀nyẹn ń ṣe níbẹ̀ á yé e ju ẹni tó rí afárá nìkan lọ.

Dídi ẹrù

Òróró, oyin àti tapenade (ólífì lílọ̀), omi ni wọ́n kà wọ́n sí ní pápákọ̀ òfuurufú. Inú àpótí tí ẹ máa fi sílẹ̀ fún wọn ni kí ẹ dì wọ́n sí, kí ẹ fi aṣọ we ìgò. Ẹni tó ń bá rélùwéè Eurostar padà sí London kò ní ìṣòro yẹn.

Wàràkàṣì ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí èrò kó ẹran màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ tàbí ẹlẹ́dẹ̀, tàbí wàrà àti wàràkàṣì, wọlé láti Yúróòpù, nítorí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu tó ń bá ẹran ọ̀sìn jà. Ẹ wo òfin náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó gbéra, torí ó lè yí padà. Bó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, ẹ má ti pélardon bọ àárín aṣọ. Ẹ jí ní kùtùkùtù ọjọ́ tí ẹ ń lọ, ẹ ra búrẹ́dì tó ṣì gbóná, ẹ tẹ́ èyí tó rọ̀ sórí rẹ̀, ẹ ta oyin garrigue lé e díẹ̀, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán lẹ́bàá orísun omi gbàgede náà kí bọ́ọ̀sì Nîmes tó dé.